Ta Ni Ó Wà Lẹ́yìn Ẹni Tí Ó Ń Ran Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́? Àyẹ̀wò Ìmọ̀ràn Àtijọ́ Lórí Iṣẹ́ àti Ìwà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan láàrin wa tí kò tíì kọ́ ọmọ ní ewì "Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́" tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ sínú Aláwìíyé. Àwọn òbí ọmọ pàápàá mọ̀ ọ́n sórí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, gbogbo ilé ni yóò gbè é títí dé òpin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìmọ̀ràn mìíràn tí a mọ̀ mọ́ àwọn ìwé kíkà àtijọ́: kí ọmọ jí ní òwúrọ̀ kí ó kí bàbá àti ìyá rẹ̀, kí ó wẹ̀ kí ó mọ́, kí ó má ṣe ya ọ̀lẹ, kí ó má ṣe fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni a ti ń kíyè sí i pé ẹ̀rín ni àwọn ọmọ fi ń gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba oyè yunifásítì tí ó sì ń fi ọ̀kadà gbé èrò, báwo ni yóò ṣe gbọ́ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́ tí kò ní yínmú? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa bi wá léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé kì í ṣe pé oògùn náà ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwàdà, ó sì yẹ kí olùkọ́ ní ìdáhùn sí i tí kì í ṣe pàṣán.

Ọ̀nà méjì ni àwa olùkọ́ sábà máa ń gbà dáhùn. Àwọn kan a ní ayé ti bàjẹ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ràn mọ́, iṣẹ́ sì ni ohun tí wọn kò fẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn a ní kí á gbé ìmọ̀ràn wọ̀nyí jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ayé wọn ti lọ. A kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé kò sí èyí tí ó bi ìtàn léèrè nínú wọn. Ta ni ó kọ́kọ́ fún ènìyàn ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n fún, àwọn wo ni ó sì yí ẹni náà ká nígbà tí ó ń gbọ́ ọ? Ohun tí a fẹ́ wò nìyí. Èrò tiwa, gẹ́gẹ́ bí a ó ti fi hàn, ni pé ìmọ̀ràn náà kò gbó. A yọ ọ́ kúrò láàrin ẹgbẹ́ tí ó bí i ni, a sì gbé e ka orí ọmọ kan ṣoṣo, ẹrù náà sì wọ ọ́ lọ́rùn.

Kí á má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan ni, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé ìwé kan wà níbẹ̀ tí a lè pè ní bàbá fún irú ìmọ̀ràn báyìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Self-Help ni àkọlé rẹ̀, èyí tí a lè túmọ̀ sí ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́. Samuel Smiles, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1859. Ọdún kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. A kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì o, ṣùgbọ́n ó dára kí olùkọ́ mọ̀ pé ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé kan ti kọ ìwé Smiles sílẹ̀ ní ọdún 1855. Nígbà tí ó wá jáde, ẹgbàáwàá, ìyẹn 20,000, ni wọ́n tà láàrin ọdún kan, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì fi kú ní ọdún 1904, iye tí wọ́n ti tà ti tó 250,000. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Lẹ́yìn rẹ̀ ó tún kọ òmíràn lórí ìwà, lórí ìṣọ́wó-ná àti lórí ojúṣe ẹni.

Bí òkìkí ìwé yìí ti ń kàn ni àkọlé rẹ̀ ń di ohun tí olówó fi ń dá tálákà lóhùn. Bí tálákà bá ní ebi ń pa òun, wọn a ní kí ó lọ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá ní kí ìjọba kọ́ ilé-ìwé, wọn a ní ẹni tí yóò kàwé yóò kàwé. Títí di òní olónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń dárúkọ ìwé náà ni kò ṣí i wò rí. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ohun tí ó yàtọ̀.

Ní ìlú Haddington ni wọ́n ti bí Smiles ní ọdún 1812, ọ̀kan nínú ọmọ mọ́kànlá sì ni. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó ń kọ́ ní Edinburgh nígbà tí àrùn onígbá-méjì jà ní ọdún 1832 tí ó sì pa bàbá rẹ̀. Nǹkan ì bá ti dojú rú fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di ìṣọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ mú, ó ń tajà, ó ń tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ òun padà lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ìyá wa nínú ọjà kò ní ṣe kàyéfì. Àní ẹni tí ó kọ ọ́ pé kí olúkúlùkù ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́.

Èyí tí ó tún wá jọni lójú jù ni bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Smiles fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn náà níwájú ìwé rẹ̀. Ní ìlú Leeds, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ híhun pọ̀ sí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì mẹ́ta kan tí kò ní láárí pinnu pé àwọn yóò máa pàdé ní alaalẹ́ nígbà òtútù láti kọ́ ara wọn ní ìwé. Ilé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Òmíràn dé, òmíràn tún dé, ilé kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n bọ́ sí inú ọgbà. Nígbà tí òtútù padà dé, wọ́n dá owó jọ, wọ́n háyà yàrá kan tí ó dọ̀tí. Yàrá náà kò ní ẹni tí ó fẹ́ ẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú àwọn alárùn onígbá-méjì sí tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó mọ ìwé díẹ̀ ti ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí ó mọ ìṣirò a kọ́ ẹlòmíràn ní ìṣirò, òun náà a sì lọ jókòó sẹ́sẹ̀ ẹni tí ó mọ nípa àwòrán ilẹ̀ ayé. Nígbà tí wọ́n ti tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan tí ó mọ̀wé jù àwọn lọ wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ bá Smiles. Ní ọdún 1845 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn ènìyàn tí ó fi iṣẹ́ là fún wọn, láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni ìwé náà sì ti jáde ní ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà.

Ṣé ẹ rí i pé ẹgbẹ́ ni ó bí ìwé tí a ń pè ní ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́? Nígbà tí Smiles bá àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tẹra mọ́ṣẹ́, yàrá wà tí wọ́n jọ jókòó sí, owó yàrá wà tí wọ́n jọ san, olùkọ́ sì wà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìmọ̀ràn náà kò dá ẹnikẹ́ni dá ìṣòro rẹ̀. Smiles pàápàá mọ̀ pé wọ́n ti ṣi òun gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí ó kọ sí ìwé náà nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ọdún 1866, ó ní àkọlé tí òun fún un kò bọ́ sí i, nítorí pé ó mú kí àwọn kan rò pé òun ń yin ìmọtara-ẹni-nìkan, òdìkejì èyí gan-an ni òun sì ní lọ́kàn. Orí ìkẹyìn nínú ìwé náà, lórí ìwà, ni ó ti sọ ẹni tí a lè pè ní ọmọlúwàbí ní ọ̀nà tiwọn, kò sì fi owó tàbí aṣọ ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní àbùkù. Ìtàn àwọn tí ó yege ni ó kún inú rẹ̀, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ títí tí kò rí ohun mú bọ̀ bá ka gbogbo rẹ̀ tán, yóò máa wò ó bóyá òun ni òun ṣẹ̀. Àbùkù yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn òde òní pẹ̀lú, títí kan àwọn tí wọ́n ń tà lábẹ́ afárá àti nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀.

Ohun kan péré ni a fẹ́ sọ nípa ilẹ̀ Japáànù kí á tó darí sílé. Nakamura Masanao, ọ̀mọ̀wé kan tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ Confucius dájú, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìjọba tí ó rán an wá ṣubú ní ọdún 1868. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní ìwé Smiles nígbà tí ó ń padà sílé, nígbà tí yóò sì fi di 1871, ó ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Japáànù. Ìlú tí ètò àtijọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ni ó gbé ìwé náà lọ́wọ́, àwọn tí ó kà á níbẹ̀ sì rí i bí ìmọ̀ràn fún ìlú pẹ̀lú, kì í ṣe fún olúkúlùkù nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ní ó kà á ni Sakichi Toyoda, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ òfì onígi nítorí pé ó ń rí bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà nídìí òfì. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni ọkọ̀ Toyota tí ó kún títì wa ti wá. Ìyá tún ni o.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí á wálé.

Joseph Fọlahàn Ọdúnjọ, tí wọ́n bí ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1904 tí ó sì kú ní ọdún 1980, olùkọ́ ni kí ó tó di olóṣèlú. Ní àárín ọdún 1940 sí 1949 ni Aláwìíyé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akéwì nìkan sábà máa ń gbàgbé pé ní ọdún 1936 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Kátólíìkì sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìyà tí ó ń jẹ olùkọ́. Ọdún márùn-ún ṣáájú èyí, ní 1931, ni ẹgbẹ́ olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà, tí àwa náà wà nínú rẹ̀ títí di òní, bẹ̀rẹ̀, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ ọ́ fún ọmọ pé kí ó ṣiṣẹ́ kò jókòó kí ó sọ fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ó máa ṣiṣẹ́ kí ó sì máa ṣe sùúrù. Ó kó wọn jọ, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìbò ọdún 1951, ó di mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba yẹn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàrin ọdún kan.

Ìdí tí a fi ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn àti àkàbà ni ó jọ wà. Wọ́n sọ fún ọmọ pé kí ó gòkè, wọ́n sì gbé àkàbà tì í. Àwa ni a di ìmọ̀ràn mú tí a jẹ́ kí àkàbà ṣubú, tí a wá ń bú ọmọ pé kò mọ igi gùn.

Ẹ jẹ́ kí á tún ewì náà kà pẹ̀lú ojú tuntun. Ta ni akéwì ń bá sọ̀rọ̀? Kì í ṣe ẹni tí nǹkan ṣẹnuure fún. Ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ó kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́rọ̀ pé kí ó má gbójú lé ọrọ̀ òbí rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé aráyé a máa súnmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, wọn a sì yínmú sí i bí ó bá di alágbe. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "ẹsẹ̀ gígùn", tí wọ́n rò pé akéwì àtijọ́ kò mọ̀, òun gan-an ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdúnjọ kò fi ayé hàn bí ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń jẹ èrè ní gbogbo ìgbà; ó mọ ayé dunjú. Kò sì ṣèlérí iṣẹ́ ìjọba fún ẹnikẹ́ni nínú ewì náà. Ìlérí yẹn, àwa olùkọ́ àti òbí ni a fi kún un, nítorí pé ní ìgbà tí ewì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́fà yanjú lè di akọ̀wé tàbí olùkọ́. Ìgbà ti yí padà, ìlérí náà sì ti já. Ewì kọ́ ni ó já.

Ṣùgbọ́n a ó ṣe àìtọ́ sí Yorùbá bí a bá fi èyí mọ sí ọ̀dọ̀ Ọdúnjọ àti ìjọba nìkan, nítorí pé kí ìwé tó dé ni iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti jọ ń rìn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ní oko tí agbára rẹ̀ kò ká, ó lè wọ inú àáró: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún a ro oko lágbájá lónìí, wọn a ro ti tẹ̀mídire lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́, ọ̀lẹ kò sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ àna rẹ̀ ni ó ń bẹ̀ ẹ́, oúnjẹ àti ẹmu ni yóò sì fi ṣe àlejò àwọn tí ó bá wá. Èésú ni ti olówó kékeré. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní ọdún 1952, ó sì fi hàn pé ilé ìyáwó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ilé. Gbogbo ènìyàn a dá iye kan náà, ẹnì kan a kó o, títí yóò fi yí ká. Mélòó nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ẹni tí ó fi làálàá tirẹ̀ kàwé ni kì í ṣe owó èésú ìyá rẹ̀ ni ó fi san owó ìwé?

Ìlú pẹ̀lú a máa ṣe é. Ilé-ìwé gíga Ilesa Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1934, ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé-Ìjẹ̀ṣà ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà dáadáa: àtún-ìlú-ṣe. Àwọn baba wa kò ya àtúnṣe ara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe ìlú.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìwà ọmọlúwàbí ti wọlé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀tọ̀ ni. Ẹgbẹ́ kò lè dúró bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá mọ bí a ti ń bá ara ẹni gbé. Kò sí ìwé àdéhùn nínú àáró, kò sí lọ́yà nínú èésú. Ìwà ni ó dúró fún méjèèjì. Olórí èésú kò ní fi orúkọ ẹni tí kò ń kí ènìyàn sí iwájú nínú àwọn tí yóò kó owó, nítorí pé ẹni tí kò rí ọ kí lónìí lè máà rí ọ san lọ́la.

Ẹ sì wo bí ìkíni wa ti rí. Nínú ọ̀pọ̀ ìkíni Yorùbá, ènìyàn kò lè kí ẹnìkejì rẹ̀ láìkọ́kọ́ wò ó. Ẹni tí ó jókòó ni a ń kí kú ìjókòó, ẹni tí ó ń náwó ni a ń kí kú ìnáwó, ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ni a ń kí kú ìrọ́jú. Bí a bá bá onídìrí nídìí irun, a ní ojú gbooro. A ní àrẹ̀dú fún aláró, àroko-bọ́dún-dé fún àgbẹ̀, àrìnpa fún ọdẹ, a sì ń wúre fún ọlọ́jà pé kí ajé wọ igbá. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ní èyí dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́ ọ. Ojú ni wọ́n là fún un. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó wo ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, kí ó tó ya ẹnu rẹ̀. Bí a bá wá sọ gbogbo rẹ̀ di "ẹ kú àárọ̀, sà", tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwòrán òdòdó, ìkíni kù, wíwò ti lọ.

Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń jiyàn lé lórí jù, àríyànjiyàn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ wá lójú. Bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí kò sì béèrè àlàáfíà ìyá àgbà tí ó ti ń ṣàìsàn láti ìjẹrin, kò tíì kí i. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí á kúkú tẹnu mọ́. Òwe tí ó ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́tótó wà níbẹ̀, àrùn onígbá-méjì tí ó pa bàbá Smiles kò sì tíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwo kan náà ni gbogbo wa ń jẹ, ọwọ́ tí ó bá dọ̀tí yóò ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ọwọ́ òsì náà ń kọ́? Ọwọ́ yẹn ni a fi ń ṣàn ìdí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kò sí awo níbẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ máa sọ ìdí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ìmọ̀ràn tí a kò sọ ìdí rẹ̀ ni ọmọ ń jù nù nígbà tí ó bá kúrò lójú wa.

Àwọn kan wà nínú ìmọ̀ràn àtijọ́ tí a kò ní gbé lọ síwájú. Èyí tí ó ní kí ọmọbìnrin máa dákẹ́ níbi tí ọkùnrin bá ti ń sọ̀rọ̀, a kò rí ìwúlò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kankan, pàápàá nígbà tí a rí i pé àwọn obìnrin ni ó ń fi èésú gbé ilé ró. Èyí tí ó ní àgbà kì í ṣìṣe, Yorùbá gan-an kò gbà á. Òwe tí ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ti tú u ká. Ní ti ẹgba, ẹgba kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìkíni rí.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí á máa kọ́ ewì Ọdúnjọ? Ìwé ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó, kí ó mọ ọnà èdè tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì sọ ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́. Gbogbo èyí dára, ìdánwò sì ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bi wá ní ìbéèrè nípa ìgò oògùn yẹn ni a ti fi iṣẹ́ kan kún un. A máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí ó dé, kí ó má béèrè bí ó ṣe ṣiṣẹ́, nítorí pé ìyẹn ni wọ́n ti ń sọ fún un láti kékeré. Kí ó béèrè orúkọ àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́, iye tí wọ́n fún un, àti bí ó ṣe mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rántí. Nígbà tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀, ìwé ọmọ kì í tó.

Orúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ni ṣẹ́ láìgba owó wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n mú wá. Ti ẹ̀gbọ́n tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu òbí wọn kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ háyà yàrá kan ní Mushin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ìgò lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọlọ́kadà. Ó padà wá sọ pé àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń dá èésú ní ibùdókọ̀ wọn, ọ̀kadà mẹ́ta ni wọ́n sì ti fi rà. Ti ẹ̀gbọ́n òun ni ó ṣe èkejì, ẹni tí ó kàn sì ni ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀ láti kí gbogbo wọn.